Ẹ̀rọ Olójú-Kan Tí O Fi Rọ́pò Ara Rẹ

Ilé Ṣódípẹ̀,
Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Òṣíẹ̀lẹ̀, Abẹ́òkúta.

Olújìmí ọmọ mi, Àkànní,

Mo kí ọ o. Ṣé o jí ire? Ṣé Èkó kò tíì gbé ọ mì? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ ń tàn fún àwọn kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ yín kò tíì fún ọ ní ikọ́? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí òwúrọ̀ yìí yóò jẹ́ kí ìwọ náà rí ọ̀pọ̀ rẹ̀, o ò ní ṣe àgbákò lójú ọ̀nà, iná tí ojú kì í rí tí ẹ fi ń ṣeré níbẹ̀ kò sì ní ràn mọ́ ọ lára. Àmín. Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ òsì mi ṣì ń dùn mí bí òjò bá ṣú, ewúrẹ́ ìyàwó kátíkíìsì ti tún jẹ ewé ẹ̀gẹ́ wa tán, páànù ẹ̀yìnkùlé tí o ní wàá wá wò ṣì ń jò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá lọ́wọ́ mi kò gbálẹ̀, wọn kì í sì í kí èèyàn àfi ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn máa ń rántí pé mo jẹ́ ìyá.

Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́ ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Tẹjúmádé ni. Àwọn ará Ìtòrí, ìyẹn ẹbí Abdulkabir tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ti ní àwọn kò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó kankan àfi bí àwọn bá fi ojú ara wọn rí ìwọ. Ọ̀rọ̀ náà ti dúró síbẹ̀, ìwọ lo sì dá a dúró. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi fóònù pè ọ́. Mo mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, wàá ní o wà nínú ìpàdé, wàá ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí, èmi kì í sì í bínú ní ṣókí. Haleemah tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń lọ sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí dé ọwọ́ rẹ, mo sì ti ní kó dúró tì ọ́ kó rí i pé o kà á tán.

Jẹ́ kí n ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà Àjíǹde tí o wálé, o gbé àpótí dúdú kan wọlé, o fi kọ́ ògiri pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò bàbá rẹ láì tọrọ àyè lọ́wọ́ olóògbé. O ní okùn tó ti ojú ọ̀nà Ìbàdàn wọ inú rẹ̀ kì í ṣe wáyà, gíláàsì ni, ó tín-ín-rín bí irun orí, iná ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó títí, mi ò rí iná kankan. O ní kì í ṣe irú iná tí ojú ń rí. Mo ní ó dáa. Lẹ́yìn náà lo yọ ohun onírin kékeré kan nínú àpò rẹ, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, o fún un ní orúkọ òyìnbó kan tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ọ́pítíkà tiransíífà, o sì tì í bọ inú ihò kan lára àpótí náà bí ẹni ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo. Nígbà tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ní, Olójú-kan ni mo ń pè é, mi ò sì ní pè é ní nǹkan mìíràn.

O ní ògbufọ̀ ni. O ní kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè iná, okùn gíláàsì náà kò sì lè gbé èdè kọ̀ǹpútà, pé Olójú-kan ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu kọ̀ǹpútà tí yóò sọ ọ́ di iná tí yóò jù ú sínú okùn, tí ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lápá ọ̀hún, ní ilé-iṣẹ́ àwọn olókùn, yóò gba iná náà tí yóò tún sọ ọ́ padà di ọ̀rọ̀. Ṣé èmi ni o fẹ́ sọ fún nípa ògbufọ̀? Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ló gbufọ̀ fún un. Ó wọ ẹ̀wù funfun, ó dúró gangan, bí bíṣọ́ọ̀bù bá sọ gbólóhùn kan bàbá mi á sọ mẹ́ta, nítorí ó rò pé òyìnbó náà kò sọ ọ́ tán. Àwọn èèyàn sunkún lọ́jọ́ náà. Èyí tí o gbé wá kò lè fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ ẹni, o tiẹ̀ fi ẹnu ara rẹ sọ pé bó bá fi ẹyọ lẹ́tà kan kún un, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí o wá ń yangàn lé lórí láti Èkó dé Òṣíẹ̀lẹ̀ nìyẹn.

Kò tán síbẹ̀. O ní ó tún ń yan ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. O ní tiwa ń fi àwọ̀ iná kan sọ̀rọ̀ ó sì ń fi àwọ̀ mìíràn gbọ́, pé èyí tó wà lápá kejì gbọ́dọ̀ yí i padà, kó máa fi àwọ̀ tí tiwa ń gbọ́ sọ̀rọ̀, kó sì máa fi àwọ̀ tí tiwa ń sọ gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á kàn máa pariwo mọ́ra wọn, ìkankan kò ní gbọ́. Mo ní nínú ara mi pé nǹkan tí kò lẹ́mìí ń ṣe fáàrí tó báyìí. Lẹ́yìn náà lo wá kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀ tààrà, nítorí iná inú rẹ̀ lè ba ojú ẹni jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni náà rí i. Bàbá tó bí ọ, tó ra ilẹ̀ ilé yìí tó sì kọ́ ọ, àwọn ọmọdé ń wò ó lójú. Mi ò tíì rí ohun tí kò ju àtàǹpàkò lọ tó ń béèrè irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nítorí tìrẹ mo pàṣẹ fún gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ pé kó yíjú kúrò lára ògiri. Àlùfáà wa wá kí mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, mo ní kó kọjú sí ìlẹ̀kùn, bó ṣe kẹ̀yìn sí mi gbàdúrà ìwòsàn tán nìyẹn tó sì lọ, ẹsẹ̀ náà kò sì tíì san.

Nígbà tí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Tẹjúmádé kù dẹ̀dẹ̀, mo ní kí o wá. Bàbá yín kò sí mọ́, ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ ni ipò rẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́. Bàbá Ọládiméjì, àbúrò bàbá rẹ, lè darí ètò, ó lè pín obì, ó lè gba àdúrà gígùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ bí a ti ń ṣe é nílé Ṣódípẹ̀. Bí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ wa, ẹni tó wà ní ipò bàbá ọmọ náà nìkan ló ń ní kí wọ́n dìde. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Èsì tí o fún mi ni pé o kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, pé ẹ ń pààrọ̀ àwọn Olójú-kan kan ní ilé kọ̀ǹpútà yín, pé bí o bá kúrò níbẹ̀ àwọn báńkì á dákẹ́ lọ gbári. Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí sáyé ni? O ní kí n ṣáà tan tẹlifíṣọ̀n tí ẹ so mọ́ àpótí náà, wàá yọ kedere, wàá rí wọn, wọ́n á rí ọ, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan. Ìwọ lo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kò ní sí ìyàtọ̀ kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, iná pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára àpótí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ́kọ́ figbe ta. Mo pè ọ́, ìwọ náà rán Dìran wá, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń tún irú okùn bẹ́ẹ̀ ṣe ní Abẹ́òkúta. Ó dé, ó yọ Olójú-kan, ó fi ẹ̀rọ kan wo inú rẹ̀, ó ní kò tíì kú, ojú rẹ̀ ló dọ̀tí, ó wá béèrè ẹni tó ń yọ okùn rẹ̀. Mo ní èmi ni, mo máa ń yọ ọ́ nù ní gbogbo Sátidé bí mo ti ń nu fọ́tò bàbá yín. Ó di orí mú. Ó ní eruku tí kò tó hóró gàrí kan tó láti dí iná yẹn lọ́nà, pé òun kò mú ohun tí wọ́n fi ń nù ún dání, òun yóò mú un bọ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó fi fìlà róbà kékeré kan dé e lórí, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì lọ.

Kí n wá máa wò ó bẹ́ẹ̀, nígbà tí àlejò ń bọ̀ láti Ìtòrí lọ́jọ́ kejì? Ojú tó dọ̀tí, ṣé mi ò mọ ohun tí à ń ṣe sí i ni? Ìwọ gan-an, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ tí ipin dì ọ́ lójú pa, kí ni mo fi là á fún ọ? Oyíndà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́mọ lọ́wọ́, ó sì ti wá bá wa dáná. Mo pè é wọ pálọ̀, mo ní kó kán omi ọmú sí Olójú-kan lójú. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ó ti ń jẹun ni. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà wo ojú rẹ̀, kó máa kán an. Ó kán an dáadáa. Mo fi etí ìró mi nù ún bí a ti ń nu ojú ọmọ tuntun, láti igun inú wá sí ìta, mo sì tì í padà sínú ihò rẹ̀. Iná pupa náà kò tiẹ̀ ṣẹ́jú mọ́, ó dúró gbọin, mo rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀ ni.

Nígbà tí Dìran dé láàárọ̀ pẹ̀lú ohun tó fẹ́ fi nù ún, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì béèrè ohun tí a ṣe. Mo sọ fún un. Ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pálọ̀ mi. Ó nù ún, nù ún, ó ní omi ọmú ti gbẹ sínú ojú rẹ̀. Ó mú òmíràn nínú báàgì, ó fi sí i, kò jẹ́, ó ní àwọ̀ kan náà ni òun àti èyí tó wà lápá kejì fi ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ń pariwo, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó sáré padà sí Abẹ́òkúta lọ wá èyí tó bá a mu. Mi ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí èyí. Ohun tó wo ojú ìwọ àti àbúrò rẹ sàn, tí kò lè wo tirẹ̀ sàn, àbùkù tirẹ̀ nìyẹn.

Dìran kò tíì padà tí àwọn ará Ìtòrí fi dé. Bàbá ọkọ, Alhaji Mọ́nsúrù, ló ṣíwájú wọn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rín rẹ̀ kò pariwo. A kí ara wa, wọ́n jókòó, ó sì di àkókò tí wọ́n máa dọ̀bálẹ̀. Bàbá Ọládiméjì ní nígbà tó jẹ́ pé inú tẹlifíṣọ̀n ni ẹni tó wà ní ipò bàbá yóò ti yọ, kí wọ́n kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Abdulkabir àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, àyà wọn kan ilẹ̀, wọ́n tọrọ Tẹjúmádé. Gbogbo wa wá ń dúró de ìwọ.

Tẹlifíṣọ̀n dúdú, a ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ojú ara wa. Bàbá Ọládiméjì wúkọ́. Alhaji wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ náà wà nílẹ̀. Èèrà kan gun ọrùn Abdulkabir, ó rìn yí etí rẹ̀ ká, kò gbọ̀n ọ́n dànù, ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà tọkàntọkàn. Fóònù mi ń dún ní yàrá. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbọ́ ọ, mi ò sì dìde lọ gbé e, nítorí kì í ṣe fóònù ni mo bí. Bàbá Ọládiméjì kò sì jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Òógùn ń sun lára wọn nílẹ̀.

Tẹjúmádé ló jáde. Ìyàwó kì í jáde bí a kò bá tíì pè é, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó jáde, gèlè rẹ̀ kò tíì wé tán, ó dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní kí Abdulkabir dìde. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alhaji wá rọra sọ̀rọ̀, ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá fi ojú pamọ́, kò fẹ́ ìgbéyàwó náà ni. Ó ní bó bá jẹ́ nítorí pé Mùsùlùmí ni àwọn tí àwa sì jẹ́ onígbàgbọ́, kí a sọ ọ́, àwọn kò ní bínú. Mo búra fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni òun ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n jẹ oúnjẹ díẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ojú tì mí, Àkànní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ, ojú kò tì mí tó bẹ́ẹ̀ rí nínú pálọ̀ yẹn.

Àbúrò rẹ kò bú ọ o. Èmi ni mo ń bú ọ. Bí àwọn èèyàn bá béèrè rẹ, á ní iṣẹ́ rẹ pọ̀ ni, á ní bí o bá kúrò níbẹ̀ àwọn báńkì á dákẹ́ lọ gbári, bí o ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́. Bí Abdulkabir bá pè é, á lọ gbọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, bó bá padà wọlé tí ojú rẹ̀ pọ́n, á ní àlùbọ́sà ni. A ò se ọbẹ̀ lánàá.

Ìgbà náà ni ẹrù rẹ wá dé láti gáréèjì, Olójú-kan tuntun méjì tí wọ́n fi fóòmù wé bí ẹyin, pẹ̀lú iṣẹ́ tí o rán pé ó kù díẹ̀ káàtó ni, pé ọ̀kan ti wà ní ìpamọ́ báyìí, kí a tún pe àwọn ará Ìtòrí jọ ní Sátidé, wàá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n láìsí ìdíwọ́. Mo kà á, mo tún un kà, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ojú méjì lo dì sínú fóòmù ránṣẹ́ sí mi, tìrẹ wá ńkọ́? Dìran ti fi ọ̀kan sí i, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iná rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì kí mi mọ́. Mi ò bá ẹ̀rọ náà jà. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́, á gbé e dé ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tirẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rán an ní iṣẹ́ tí èèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́, tí o wá jókòó sí Èkó tí ò ń retí pé kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo ti ránṣẹ́ sí Alhaji pé kí wọ́n padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo sì ti sọ fún un pé ìwọ fúnra rẹ ni wọn yóò bá nílé. Mo ti fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n náà. Sọ fún àwọn báńkì yín kí wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ kan, wọ́n ti wà kí n tó bí ọ. Bí o bá ń bọ̀, mú owó wá tí a ó fi ra ẹ̀wà àti ìrẹsì àti mọ́ọ̀tì, àti èyí tí a ó fi pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé, kí òjò má lọ rọ̀ lé àna wa lórí. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìgbà tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, fóònù kàn dún pìn-ìn ni, mo tú gbogbo inú rẹ̀ títí kan ìdí bátìrì, mi ò rí náírà kankan, ọmọbìnrin onípí-ó-ẹ́ẹ̀sì tó wà lójú ọ̀nà sì ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò jẹ́ kó jáde. Mo bi í pé ta ló tì í mọ́lé. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run yóò ṣí ọ̀nà fún ọ, ọkọ̀ tí o máa wọ̀ kò ní dúró láìdé ibi tó ń lọ. Oúnjẹ rẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ. Àwọn ọmọ tí o máa bí kò ní fi ẹ̀rọ rọ́pò ara wọn fún ọ lọ́jọ́ tí o bá ń retí wọn, wọn ó wá fúnra wọn, wọn ó sì tètè dé. Àmín.

Bí o bá dé, má tíì wá kí èmi. Tẹjúmádé ni kí o kọ́kọ́ lọ bá lẹ́yìnkùlé. Mo mọ̀ pé ìwọ lẹ̀gbọ́n, mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò nílùú yìí. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Jẹ́ kí àyà rẹ kan ilẹ̀ bí ti àwọn ọmọ Ìtòrí, kí o sì má dìde títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí o dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ní Ṣódípẹ̀.